Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Nígbà Tí Àwọn Ọpọlọ Inú Ọkọ̀ Kò Bá Gbúròó Ara Wọn Mọ́

Ìbéèrè: Iná àmì ẹnjìnnì, ti ABS (ètò tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ búréèkì) àti ti sítíárìn tàn lẹ́ẹ̀kan náà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù mi. Abẹ́rẹ́ tó ń fi eré hàn já wálẹ̀ sí òdo, kò pẹ́ ó tún gbéra. Sukánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe inú ọkọ̀, gbé U0100 àti U0121 jáde. Wọ́n ní kí n lọ ra ọpọlọ ẹnjìnnì, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹnjìnnì. Ṣé kí n rà á?

Ẹ ṣì mú owó yín dání. Ohun mẹ́ta kì í sábàá kú pọ̀ lójijì. Ohun tí wọ́n jọ ń lò ni ká kọ́kọ́ fura sí. Waya méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra, CAN-H àti CAN-L, ni àwọn ọpọlọ inú ọkọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Iléeṣẹ́ Bosch ló gbé ètò náà, tí wọ́n ń pè ní CAN, jáde ní 1986, kí waya má baà di igbó nínú ọkọ̀.

U0100 ń sọ pé wọn ò gbúròó ọpọlọ ẹnjìnnì mọ́. U0121 ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa ABS. Ẹni tí wọn ò gbúròó rẹ̀ lè máa pariwo títí, kó jẹ́ ọ̀nà ló dí. Nítorí náà, ẹ wo ọpọlọ tó kọ kóòdù náà sílẹ̀. Bí àwọn yòókù bá ń gbọ́ ara wọn, tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni kò dáhùn, ẹ yẹ fíúsì rẹ̀, waya iná rẹ̀ àti waya áàtì rẹ̀ (èyí tó so mọ́ ara ọkọ̀) wò. Bí kò bá sẹ́ni tó ń gbọ́ ẹnikẹ́ni, ojú títì gan-an, ìyẹn waya méjì yẹn, ló bàjẹ́.

Ìbéèrè: Kí ni kí n kọ́kọ́ wọ̀n?

Bátìrì. Bí agbára rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù nígbà tí ẹ bá ń ta iná sí ẹnjìnnì, àwọn ọpọlọ á kú, wọ́n á jí, wọ́n á sì fi kóòdù U sílẹ̀ lásán. Ẹ pa kóòdù náà rẹ́, kí ẹ wo èyí tó padà wá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ orí bátìrì, kí ẹ dúró díẹ̀ kí gbogbo ẹ̀rọ sùn. Bí iná bá ṣì wà lára waya, irọ́ ni mítà máa pa. Ẹ gbé mítà sí ohm, kí ẹ fi kan pín 6 (CAN-H) àti 14 (CAN-L) nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì OBD, ibi tí wọ́n ń ki sukánà sí. 60 ló yẹ kí ẹ rí, nítorí rẹ́sísítọ̀ (ohun tó ń dín iná kù) ohm 120 wà ní ìkángun kọ̀ọ̀kan, méjèèjì pọ̀ sì ń fi ìdajì rẹ̀ hàn. Bí ẹ bá rí 120, ìkángun kan ti sọnù: bóyá waya já, bóyá pílọ́ọ̀gì kan ti tú. Bí ó bá sún mọ́ òdo, waya méjèèjì ti fara kanra. Bí ó bá jẹ́ 40, ẹnì kan ti so rẹ́sísítọ̀ kẹta mọ́ ọn. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi kún ọkọ̀ lẹ́yìn tí ẹ rà á.

Ìbéèrè: 60 ni mo rí, síbẹ̀ wàhálà ò lọ.

60 ò sọ pé kò sí nǹkan. Ẹ̀ka tó já lágbedeméjì lè ṣì fi 60 hàn, waya tó kan ara ọkọ̀ náà sì lè fi í hàn. Nínú ọkọ̀ tí ẹnubodè (ọpọlọ tó ń gba ọ̀rọ̀ kọjá) wà láàárín sọ́kẹ́ẹ̀tì àti àwọn ọpọlọ, apá kan péré ni ẹ wọ̀n yẹn.

Ẹ so bátìrì padà, kí ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ wọn fólítì waya kọ̀ọ̀kan sí áàtì. CAN-H máa ga díẹ̀ ju 2.5 lọ, CAN-L á rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i. Bí ọ̀kan bá dúró sí òdo, ó ti kan ara ọkọ̀. Bí ó bá dúró sí 12, ó ti kan waya bátìrì. Ẹ wá máa tú ọpọlọ kọ̀ọ̀kan kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú mítà lójú: ìgbà tí fólítì bá padà sípò, ẹ ti rí ọ̀daràn. Ibi tí omi ń dé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àti ibi ìdè ilẹ̀kùn.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí abẹ́rẹ́ fi ń já wálẹ̀, tó sì tún ń gbéra?

Ìfọwọ́kàn tí kò múná ni mo fura sí. Ọpọlọ tí àṣìṣe rẹ̀ bá ju 255 lọ lórí òǹkà rẹ̀ tún máa ń yọ ara rẹ̀ kúrò lórí ìlà, ó sì lè padà bọ̀. Ẹ máa mi waya bí mítà bá ń ṣiṣẹ́, kí ẹ wo ìpata aláwọ̀ ewé nínú pílọ́ọ̀gì. Bí ẹ bá rí ibi tó já, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀, kí ẹ sì lọ́ waya méjèèjì mọ́ra padà títí dé ojú ibi tí ẹ ti tún un ṣe.