Oògùn omi wà nínú báàgì, kí ló dé tí inú tún ń run wá?

Ṣọ́ọ̀bù oògùn kékeré ni mo ní ní Ìlọrin. Lópin ọ̀sẹ̀, mo máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ kan gun Òkè Sọ̀bí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, a ó wọ ilẹ̀ Ìgbómìnà lọ, a ó sì sùn sí ìtòsí omi tó ń já láti orí àpáta ní Òwù, lápá Ọwá Kájọlà. Omi tí a bá gbé láti ilé kì í tó wa, nítorí lítà kan, kílò kan ni, ẹni tó bá sì ń rìn nínú oòrùn lè mu lítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́. Omi odò la máa ń mu, hóró oògùn la sì fi ń pa kòkòrò inú rẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ní káńtà àti lójú ọ̀nà nìwọ̀nyí.

Ìbéèrè (ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ọ̀fà): Àǹtí, ẹ kú ọjà o. Mo ju hóró kan sínú ike lítà kan àbọ̀, mo dúró títí àkókò fi pé, àmọ́ òórùn rẹ̀ ń gún mi nímú, mi ò lè gbé e mì. Ṣé oògùn náà ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́, àbúrò mi. Ó pọ̀ jù ni. Ọ̀pọ̀ hóró tí à ń tà, kẹ́ẹ̀gì ogún lítà ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ike tí à ń gbé kiri. Wo ẹ̀yìn páálí rẹ. Tó bá jẹ́ 67 mg ni wọ́n kọ síbẹ̀, 20 lítà omi tó mọ́ ló wà fún. Nǹkan bí 40 mg kílórínì, ìyẹn oògùn tó ń pa kòkòrò gan-an, ló ń jáde lára hóró náà. Pín in sí ogún lítà, lítà kọ̀ọ̀kan á gba 2 mg. Nínú ike tìrẹ, lítà kan á gba bíi 27 mg, bẹ́ẹ̀ 5 mg ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi ṣe òpin fún omi mímu. Ìyẹn ló ń gún ọ nímú.

Má fi eyín tàbí ọ̀bẹ gé hóró náà. O ò lè gé e kó dọ́gba, èyí tó bá sì kù, afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin á sọ ọ́ di aláìlágbára. Da omi yẹn sínú kẹ́ẹ̀gì, pọn omi tí o ti sẹ́ kún un kó pé ogún lítà, pò ó, kí o tún fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí o bá ń dá rìn, oríṣi hóró kékeré tó jẹ́ ti lítà kan wà. Ẹ̀yìn káàdì rẹ̀ ni kí o kà kí o tó sanwó, kó máà jẹ́ iye owó nìkan lo bi olùtà.

Ìbéèrè (tíṣà kan ní Ìgbájà): Lẹ́yìn òjò, omi odò wa máa ń dà bí omi tí a fi pò ẹ̀lùbọ́. Mo fi hóró kan sí i, kò là. Mo fi ìkejì sí i, bákan náà ni. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, sà. Hóró oògùn kì í la omi o, kòkòrò ló ń pa. Ẹrẹ̀ àti ewé jíjẹrà tó wà nínú omi náà ló ń jẹ kílórínì yín tán kó tó kan kòkòrò. Ńṣe ni oògùn ń ṣiṣẹ́ fún ẹrẹ̀.

Mo ṣe é rí lójú àwọn ọmọ wa ní etídò kan, lẹ́yìn òjò alẹ́. Mo bu omi kan náà sínú ike méjì. Mo sẹ́ ọ̀kan, mi ò sẹ́ ìkejì, mo fi oògùn tó dọ́gba sí méjèèjì. Nígbà tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé, mo ní kí wọ́n gbóòórùn wọn. Èyí tí mo sẹ́ ń rùn díẹ̀ bí omi ẹ̀rọ ìjọba. Èkejì kò rùn rárá, òórùn amọ̀ nìkan ló wà lẹ́nu rẹ̀. Oògùn inú rẹ̀ ti tán pátápátá, ẹni tó bá sì mu ún, bí omi odò gan-an ló mu ún.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí omi náà tòrò fún wákàtí bíi mélòó kan, mọ́jú pàápàá tí ààyè bá wà. Ẹ rọra da ti òkè sínú ohun mìíràn, kí ẹ má rú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀. Ẹ ká aṣọ funfun tó mọ́ ní ìṣẹ́po mẹ́rin, ẹ so ó mọ́ ẹnu kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ fi sẹ́ ẹ. Àwọn ìyá wa mọ bí wọ́n ṣe ń ju álọ́ọ̀mù díẹ̀ sómi kí ìdọ̀tí lè rì sísàlẹ̀, ìyẹn náà dára, àmọ́ álọ́ọ̀mù kì í pa kòkòrò, oògùn ṣì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn tí ẹ sẹ́ ẹ tán, tó bá ṣì ṣú díẹ̀, hóró méjì dípò ọ̀kan ni páálí máa ń ní kí a lò.

Kí ẹnikẹ́ni má fojú tẹ́ńbẹ́lú aṣọ asẹ́ yìí. Wọ́n ní kí sòbìà tó degbò, olúgànbe là á ké sí. Aṣọ asẹ́ wà lára ohun tó lé sòbìà lọ ní ilẹ̀ wa, nítorí inú kòkòrò omi tíńtín kan ni ọmọ sòbìà ń gbé, aṣọ tí ojú rẹ̀ há sì ń dá kòkòrò yẹn dúró. Ọdún 2008 la rí ẹni ìkẹyìn tó ní in ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2013 ni WHO kéde pé kò sí níbí mọ́.

Ìbéèrè (akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan): Àǹtí, mo tẹ̀ lé gbogbo ohun tí páálí wí. Omi mọ́, oògùn kò pọ̀ jù, kò kéré jù. Síbẹ̀, ilẹ̀ kò tí ì mọ́ tán tí ìgbẹ́ gbuuru fi gbé mi dìde. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́. Èyí ni mo fẹ́ ká jókòó tì dáadáa.

Ṣé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé lóòótọ́? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, tí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá máa ń jọ wákàtí kan lójú rẹ̀. Aago ni kí o wò. Ìgbà tí hóró bá ti yòrò tán ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Láàárọ̀ ọ̀yẹ́, tí omi odò bá tutù wọ eegun, oògùn kì í yá bí ìgbà oòrùn. Wákàtí kan ni èmi máa ń fún un.

Lẹ́yìn náà, ẹnu ike. Nígbà kan tí a lọ Òwù, a pé mẹ́jọ, odò kan náà la ti bu omi, páálí oògùn kan náà la lò, àmọ́ inú ẹnì kan ṣoṣo ló bàjẹ́. Mo ní kó bu omi hàn mí bó ṣe máa ń bù ú. Ó ri ike bọ odò títí dé ọrùn, ó ju hóró sí i, ó lọ́ ìdérí mọ́ ọn pinpin, ó gbé e kalẹ̀. Nígbà tó ṣí i, mo rí omi tó ń kán láti ojú ibi tí ìdérí ń lọ́ mọ́. Omi odò ni, oògùn kò kàn án rárá, ibẹ̀ gan-an ni ètè rẹ̀ sì ń lọ. Láti ọjọ́ náà, tí hóró bá ti yòrò, a máa ń tú ìdérí díẹ̀, a ó dojú ike délẹ̀ kí omi olóògùn ṣàn gba gbogbo ẹnu rẹ̀, ká tó dé e padà. A kì í sì í fi ike tí a máa mu bu omi mọ́. Kọ́ọ̀bù kan wà tó jẹ́ ti odò nìkan.

Ọwọ́ ńkọ́? Tí gbogbo yín bá ń jẹun nínú abọ́ kan, ẹni tó ti ìdí igbó dé tí kò fọ ọwọ́ lè kó bá gbogbo yín, kí omi má sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ọṣẹ kékeré kò wúwo nínú báàgì.

Tó bá wá jẹ́ pé gbogbo èyí pé, ó ku kòkòrò kan tó ń jẹ́ Cryptosporidium. Èèpo ara rẹ̀ le, kílórínì kì í ràn án, àyódíìnì, oríṣi oògùn omi mìíràn, náà kì í ràn án. Níbi tí màlúù ti ń mu omi ni kí o ti máa rántí rẹ̀. Hóró tí wọ́n fi chlorine dioxide ṣe, tó yàtọ̀ sí ti kílórínì lásán, lè pa á, àmọ́ wákàtí mẹ́rin ló máa gbà. Bí igi bá wà, sísè ló yá jù: jẹ́ kí omi náà hó yaya fún ìṣẹ́jú kan. Àwọn tó wà lórí òkè tó ga ju 2,000 mítà lọ ni wọ́n ní kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kò sí òkè tó ga tó bẹ́ẹ̀ ní Kwara.

Ní báyìí tí inú ti ń ṣu, fi ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ sí lítà kan omi tó mọ́, kó má kún kọjá etí ṣíbí, kí o máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ tí ìgbẹ́ bá funfun bí omi ìrẹsì, tó ń dà ṣọ̀ọ̀, má ṣe dúró níbi tí o wà, ilé ìwòsàn ni. Onígbáméjì kì í fúnni láyè. A ò gbàgbé ọdún 2017 ní Ìlọrin: láti ìparí oṣù kẹrin sí ìparí oṣù kẹfà, àwọn tí wọ́n fura pé ó mú ní Kwara lé ní 1,500. Kílórínì ń pa kòkòrò onígbáméjì dáadáa, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé oògùn omi kò wúlò.

Ìbéèrè (Álùfáà kan ní Ìlọrin): Tí a bá wà nínú igbó, ṣé omi olóògùn yìí náà la ó máa fi ṣe àlùwàlá?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀sìn, Álùfáà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ẹ̀yin lẹ ó kọ́ wa. Ní ti ìlera, apá, ojú àti ẹsẹ̀ kò bèèrè omi olóògùn, omi odò tó ń ṣàn tó. Ẹnu ni mò ń bẹ̀rù. Ẹni tó ń fi omi odò yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà márùn-ún lójúmọ́, díẹ̀ á máa lọ sí ọ̀fun rẹ̀ láìmọ̀. Ẹ bu omi olóògùn ìwọ̀n kọ́ọ̀bù kékeré kan sọ́tọ̀ fún ẹnu, kí bútà odò ṣe ìyókù. Fífọ eyín náà rí bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè (ìyàwó ilé kan ní Òmù-Àrán): Hóró tí wọ́n bá mi rà, omi rẹ̀ máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Oyún oṣù mẹ́rin wà nínú mi, ìyá mi sì ní gẹ̀gẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ má mu ún, ẹ̀yin àti Màmá. Àyódíìnì nìyẹn. Kì í ṣe fún aboyún, kì í ṣe fún ẹni tó ní gẹ̀gẹ̀, kì í sì í ṣe fún ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba àyódíìnì. Ẹni tí ara rẹ̀ le pàápàá kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di omi ojoojúmọ́. Ti kílórínì ni kí ẹ lò, tàbí kí ẹ sè é.

Ìbéèrè: Ṣé a lè fi nǹkan pa òórùn oògùn náà?

Ìdáhùn: Vitamin C. Ààbọ̀ hóró 100 mg tó lítà kan. Àmọ́ lẹ́yìn tí àkókò bá ti pé ni o. Ẹni tó bá fi í sí i ṣáájú ti pa oògùn kí oògùn tó pa kòkòrò, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn ìyẹ̀fun ọsàn tí à ń pò mu. Tí ẹ bá ti fi sí i, ẹ tètè mu ún, nítorí kò sí ohun tó ń ṣọ́ omi náà mọ́.

Ìbéèrè: Odò tó gba ẹ̀gbẹ́ oko kọjá ńkọ́, tàbí ibi tí wọ́n ti ń wa kùsà?

Ìdáhùn: Ẹ fi í sílẹ̀. Oògùn apakoríko àti májèlé inú ilẹ̀ kì í kú, hóró kankan kò lè mú wọn kúrò, sísè náà kò lè mú wọn kúrò. Ẹ gòkè odò lọ, kọjá oko náà, tàbí kí ẹ bèèrè kànga lọ́wọ́ àwọn ará abúlé.

Ìbéèrè: Àǹtí, níwọ̀n ìgbà tí mo ti ń mu omi olóògùn, ṣé mo lè wẹ̀ nínú ọ̀gbun odò?

Ìdáhùn: Omi tí o mu kò lè dáàbò bo awọ ara rẹ. Kòkòrò àtọ̀sí ajá kì í gba ẹnu nìkan wọlé, ẹsẹ̀ tí o kì bọ omi ló máa ń gún wọ̀, àárín ìgbín omi tó dúró sójú kan ló sì ń gbé. Ewu ibi tí omi ti ń já, tó ń ṣàn kíákíá, kò tó ti ibi tó dákẹ́, tí koríko yí ká. Tí o bá ti wẹ̀, tí o sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ lẹ́yìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta, má tijú. Lọ sí ilé ìwòsàn, sọ fún wọn pé o wẹ̀ nínú odò, wọ́n á yẹ ìtọ̀ rẹ wò, oògùn rẹ̀ sì wà, praziquantel ló ń jẹ́.