Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Igi Ẹ̀yìnkùlé àti Pípe Agégi

Igi kì í dá lóko kó pa ará ilé. Igi ẹ̀yìnkùlé ni òwe yẹn kò kàn, nítorí páànù, fẹ́ǹsì, wáyà iná àti ọmọ tó ń ṣeré ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí irú igi bẹ́ẹ̀ bá sì wó nínú ìjì, kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ pé ó ti gbó. Àdá tí onílé fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n fi bọ̀ ọ́ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà.

“Ẹ bá mi gé e lórí, ó ti ga jù”

Kò sí ọ̀rọ̀ tó ń ba igi jẹ́ tó èyí. Ewé ni igi fi ń wá oúnjẹ. Bí wọ́n bá gé gbogbo orí máńgòrò tàbí igi fúrúùtù kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ebi á pa gbòǹgbò. Oòrùn á jó èèpo tó ti ń gbé lábẹ́ òjìji látọjọ́ yìí, èèpo á là, ikán á sì rọ́nà wọlé. Láàárín oṣù díẹ̀, èéhù tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ á yọ jáde lójú ibi tí wọ́n gé, onílé á sì rò pé igi ti sọjí. Abẹ́ èèpo ni èéhù wọ̀nyẹn ti rú, wọn kò fìdí múlẹ̀ nínú igi bí ẹ̀ka tó bá igi dàgbà. Bí wọ́n bá ti nípọn tó apá èèyàn, atẹ́gùn àkọ́rọ̀ òjò á fà wọ́n ya, nítorí ibi tí wọ́n rọ̀ mọ́ ti ń jẹrà sínú ní gbogbo àkókò yẹn.

Bí igi bá ga jù, ẹ ní kí wọ́n yan àwọn ẹ̀ka tó gùn jù, kí wọ́n gé ọ̀kọ̀ọ̀kan padà dé ibi tí ẹ̀ka kékeré kan ti yà lára rẹ̀. Ẹ̀ka kékeré náà gbọ́dọ̀ nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tí ẹ gé, òun ni yóò gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Kí ohun tí wọ́n máa gé lọ́dún kan má sì ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ewé igi náà lọ.

Gígé ẹ̀ka láti òkè wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo

Ẹ̀ka ńlá wúwo. Bí ayùn bá ṣe ń dé àárín rẹ̀ ni yóò ya, á sì bó èèpo ara igi lọ bí ẹni bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gé e. Àkọ́kọ́, láti abẹ́, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 1 sí ara igi, kí ayùn wọlé dé ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìkejì, láti òkè, íǹṣì 2 tàbí 3 síwájú ti àkọ́kọ́, lápá ṣóńṣó ẹ̀ka. Ẹ̀ka á já bọ́ láìfa èèpo ya. Ìkẹta ni kí wọ́n fi gé kùkùté tó ṣẹ́ kù.

Ìkẹta yìí ni ọ̀pọ̀ agégi ti ń ṣìṣe. Ẹ wo ìdí ẹ̀ka dáadáa, ẹ óò rí ibi tó wú bí ọrùn aṣọ. Iwájú ibi tó wú yẹn ni kí ayùn gbà, nítorí ibẹ̀ ni èèpo tuntun yóò ti yọ láti bo ojú egbò. Bí wọ́n bá gé e mọ́ ara igi pátápátá, egbò náà á tóbi jù, kò ní tètè dì. Bí wọ́n bá sì fi kùkùté gígùn sílẹ̀, á kú, á jẹrà, ìdíbàjẹ́ náà á sì tẹ̀ lé e wọ inú igi.

Ẹ má fi ọ̀dà, sìmẹ́ńtì tàbí òìlì mọ́tò tó ti dúdú kun ojú egbò. Òìlì ń pa èèpo tútù tó yẹ kó di egbò náà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún atẹ́gùn.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ẹni tó wí pé òun á gé igi ní ẹgbẹ̀rún mélòó kan kò tíì sọ ohun tó máa ṣe. Ta ni yóò kó ẹ̀ka àti ewé lọ? Ta ló ni ìtí igi? Igi tó ṣeé là ní pákó tàbí ṣeé dáná ní owó nínú; bí agégi bá máa kó o lọ, ó yẹ kó hàn nínú iye tó pè. Ta ni yóò tún páànù ṣe bí ẹ̀ka bá balẹ̀ sórí rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má sì san owó tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní Èkó, ìwé àṣẹ LASPARK, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà tó ń bójú tó igi àti ọgbà ìtura, ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà kí ẹ tó gé igi lulẹ̀.

Ẹ wo irinṣẹ́ wọn. Agégi tí kò mú okùn wá kò lè sọ ẹ̀ka kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ṣe ni yóò máa jù ú. Bí ẹni tó gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì bá ń gun òkè láìso okùn mọ́ra, ẹ dá iṣẹ́ náà dúró. Láti gé igi wó láti ìdí, ó yẹ kí àyè tó fi ìlọ́po méjì ju gíga rẹ̀ lọ ṣófo yí ká. Àgbàlá díẹ̀ ló ní irú àyè bẹ́ẹ̀, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n gé e láti òkè wá.

Bí ẹ̀ka bá sún mọ́ wáyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Igi tútù ń gbé iná, àkàbà onírin sì burú jù ú lọ. Iléeṣẹ́ tó ń pín iná ni kó kọ́kọ́ pa iná ọ̀nà yẹn.

Ìgbà, àfòmọ́ àti àgbọn

Máńgòrò tí ẹ gé ní oṣù kẹwàá kò ní so dáadáa lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí ṣóńṣó ẹ̀ka tó ti gbó ni òdòdó rẹ̀ ti ń yọ. Gbàrà tó bá ti so tán ni kí ẹ gé e.

Àfòmọ́ lórí ọsàn tàbí obì kò ṣeé fọwọ́ já. Ó ti wọ inú ẹ̀ka, á tún hù. Ẹ gé ẹ̀ka náà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 1 sísàlẹ̀ ibi tó dì mọ́, kí ẹyẹ tó gbé èso rẹ̀ lọ sórí igi mìíràn.

Àgbọn ní tirẹ̀, ojú kan ṣoṣo ló ti ń hù, ní òkè pátápátá. Ẹ gé orí rẹ̀, ó kú nìyẹn. Imọ̀ tó ti gbẹ nìkan ni kí wọ́n yọ.

Ìdí igi

Ẹ má ṣe dáná ìdọ̀tí níbẹ̀. Ẹ má da sìmẹ́ńtì mọ́ ọn; ẹ fi ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 3 sílẹ̀ yí ká kí omi àti atẹ́gùn ráyè wọlẹ̀. Ewéko gbígbẹ tí ẹ bá kó sídìí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan èèpo. Èyí tó léwu jù ni kí birikilà gé gbòǹgbò ńlá ẹ̀gbẹ́ kan kó lè mọ fẹ́ǹsì, nítorí okùn tó di igi mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn ló gé.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rìn yí ìdí rẹ̀ ká. Bí olú bá hù lára rẹ̀, bí ilẹ̀ bá là tàbí wú sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí igi tó ń dúró ṣánṣán tẹ́lẹ̀ bá ti ń tẹ̀, ẹ kó ọmọ àti ọkọ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sì jẹ́ kí agégi kankan gùn ún. Àfi kó so okùn mọ́ nǹkan mìíràn tó dúró gbọin, tàbí kó gbé àkàbà tì í, kó tó gé e.