Bí wọ́n ṣe ń tò kí wọ́n tó gbé bọ́ọ̀lù sá gba ẹ̀gbẹ́: fún ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin tọ́mọ yín ti wọ tíìmù fútúbọ́ọ̀lù ní háískúùlù, ẹ gbàgbé bọ́ọ̀lù tá a mọ̀ nílé o, tibí yàtọ̀. Eré tí wọ́n ń pè ní sweep tàbí toss, níbi tí running back ti ń gbé bọ́ọ̀lù sá gba ẹ̀gbẹ́ pápá dípò kó gba àárín, ìgbà tí gbogbo wọn ṣì dúró jẹ́ẹ́ ni kẹ́ ẹ ti máa wò ó, torí bí wọ́n ṣe tò ló máa sọ bóyá á rọ́nà.

Ẹni 11 ló ń wà lórí pápá fún tíìmù kan. Márùn-ún tó sanra jù ló wà láàárín láìnì: sẹ́ńtà tó ń ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, gáàdì méjì lọ́tùn-ún lósì ẹ̀, tackle méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn gáàdì. Àmọ́ ẹni tẹ́ ẹ máa fojú wá ni tight end, ẹni tó lẹ̀ mọ́ tackle kan, torí apá tó bá dúró sí lèèyàn wọn ti pọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sábà máa ń gbà. Tí ẹni tó yẹ kí tight end dínà mọ́ bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, eré bàjẹ́ nìyẹn, bó ti wù kí running back yára tó.

Ẹ tún wo ibi tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sí. Pápá fẹ̀ ju yáàdì 53 lọ díẹ̀, ní háískúùlù àwọn ilà kéékèèké méjì tó gba inú ẹ̀ pín in sí mẹ́ta ọgbọọgba, tí wọ́n bá wá gbé ẹni tó mú bọ́ọ̀lù ṣubú lápá ọ̀tún, orí ilà ọ̀tún ni eré tó kàn ti máa bẹ̀rẹ̀, apá òsì á ṣófo gbalasa. Kóòṣì tó gbọ́n á gbé tight end síbẹ̀. Ní NFL, líìgì àwọn tó fi eré yìí ṣiṣẹ́ ṣe, ẹsẹ̀ bàtà 18 àtààbọ̀ péré ló wà láàárín àwọn ilà yẹn, ìyẹn ni ò jẹ́ kó hàn tó bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Gáàdì lèmi fẹ́ràn àtimáa wò jù. Nínú sweep, ọ̀kan tàbí àwọn méjèèjì á kúrò láyè wọn, wọ́n á sá gba ẹ̀yìn láìnì yọ síwájú running back, bí ọlọ́pàá tó ń lé mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ níwájú kọ́nfọ́ì gómìnà. Tíìmù NFL kan, Green Bay Packers, láyé kóòṣì wọn Vince Lombardi, láwọn ọdún 1960, eré yìí ni wọ́n fi yọ gbogbo èèyàn lẹ́nu. Ẹ wo ọwọ́ tí gáàdì fi tẹlẹ̀: tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an, iwájú ló ń lọ, tó bá kàn fìka kanlẹ̀ fẹ́rẹ́, ó lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló fẹ́ sá lọ. Tọ́mọ yín bá jẹ́ gáàdì, ẹ ní kó máa tẹ̀ ẹ́ bákan náà nígbà gbogbo, àwọn dìfẹ́ńsì, ìyẹn tíìmù kejì tó fẹ́ dá wọn dúró, náà ń wò ó o.

Tó bá jẹ́ toss, ìyẹn tí quarterback (ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ sẹ́ńtà) bá ju bọ́ọ̀lù sí running back, running back máa ń jìn sẹ́yìn tó yáàdì 7 kó lè ráyè wo ibi tó là. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ òsì quarterback ló dúró sí, ọ̀tún ni kẹ́ ẹ máa retí ẹ̀, ó sábà máa ń gba iwájú ẹ̀ kọjá. Ẹ wo fídíò Jay Ajayi, ọmọ wa tí wọ́n bí ní London tó ṣe háískúùlù ní Frisco, Texas: ní 2016, ní Miami Dolphins, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló sá kọjá yáàdì 200 nínú géèmù kan.

Ti òfin, ẹni mẹ́rin péré ló lè wà lẹ́yìn láìnì, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ wọ́n á dá wọn padà ní yáàdì 5, ẹni tó bá mira lórí láìnì kí bọ́ọ̀lù tó kúrò náà, yáàdì 5. Èyí tó ń dunni jù nínú eré ẹ̀gbẹ́ ni holding, yáàdì 10 gbáko, torí tí dìfẹ́ńsì bá ti fẹ́ bọ́ lọ, ọmọ á fa aṣọ ẹ̀. Torí náà tọ́mọ yín bá gbé e dé endzone, ìpẹ̀kun pápá tí wọ́n ti ń gba ojú àmì, kẹ́ ẹ tó fò sókè, ẹ kọ́kọ́ wolẹ̀ bóyá rẹfirí ti ju àsíá yẹ́lò tí wọ́n fi ń sọ pé ẹnì kan rú òfin.