Bí ẹ ṣe lè gbá géèmù Cave láì máa kú ní gbogbo ìṣẹ́jú

Ẹ̀yin ọmọ Adó tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù nìkan lẹ máa ń gbá ní géèmù sẹ́ńtà, ẹ sún mọ́bí. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Japan tó ń jẹ́ Cave, 1994 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Toaplan, ilé iṣẹ́ géèmù míì, kí Toaplan tó kógbá wọlé ló wà ńbẹ̀, Tsuneki Ikeda tó máa ń kọ ètò géèmù wà lára wọn. Géèmù ìbọn ni tiwọn, DonPachi 1995, DoDonPachi 1997, ọta á bo gbogbo skíríìnì débi pé ẹ á ní kò síbi téèyàn fẹ́ gbà.

Ibi tẹ́ ẹ máa gbà wà o. Mushihimesama ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ó ti wà lórí Steam, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ra géèmù kọ̀ǹpútà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láti 2015, ó wà lórí Switch, ẹ̀rọ géèmù Nintendo, náà. Ẹ mú Novice, ìyẹn ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wá mú Original níbẹ̀, ẹ má tìtorí àtiṣakọ lọ mú Ultra tó le jù, Ultra ò mojú ẹnikẹ́ni. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì ẹ̀ dáa ni kẹ́ ẹ lò, torí tí wọ́n bá múná lọ láàárín géèmù, ìbẹ̀rẹ̀ lẹ ń padà sí yẹn, ẹ ṣáà mọ iná wa.

Ọmọbìnrin tó gun kòkòrò tẹ́ ẹ máa fi gbá Mushihimesama yẹn, kì í ṣe gbogbo ara ẹ̀ lọta lè pa o, ojú kékeré kan láàárín ni. Ọta lè gba orí ìyẹ́ kọjá kó má ṣe nǹkan kan. Nítorí náà ẹ má sáré káàkiri, àwọn tó ń tẹ páàdì bí ẹni ń gúnyán ni wọ́n máa ń kú jù. Ọ̀pọ̀ ọta yẹn, ibi tẹ́ ẹ wà gan-an ni wọ́n ń yìn ín sí, torí ẹ̀ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, kẹ́ ẹ rọra máa sún sọ́tùn-ún díẹ̀díẹ̀, ọta á máa gbẹ̀yìn yín kọjá, tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ẹ́ dé etí skíríìnì, ẹ dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ yára já padà, àlàfo á ṣí, ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ní DoDonPachi, ọkọ̀ òfuurufú lẹ máa ń wà, tẹ́ ẹ bá ń tẹ bọ́tìnì ìbọn léraléra ìbọn á fẹ̀, ọkọ̀ á sì yá, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ á di léésà, ọkọ̀ á máa rìn jẹ́jẹ́, ìgbà yẹn lẹ lè gba àárín ọta kọjá. Tí gbogbo nǹkan bá ṣàdédé ń falẹ̀, láptọ́ọ̀pù yín kọ́ ló ń háńgì, ọta ló pọ̀, ẹ fi àyè yẹn wá ọ̀nà.

Bọ́ǹbù tó máa ń gbá ọta kúrò lójú skíríìnì ńkọ́? Ẹ má ṣahun ẹ̀ jàre. Èèyàn á kú tán, bọ́ǹbù ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọjọ́ àjíǹde ló ń tọ́jú ẹ̀ dè ni? Tójú bá ti ń dàrú báyìí, ẹ jù ú.