Káàdì gráfíìsì tó jẹ́ kí n sanwó lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra káàdì gráfíìsì, ìyẹn èyí tó ń ya àwòrán géèmù sójú skríìnì kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó, torí inú ṣì ń bí mi. Owó káàdì nìkan ni mo múra ẹ̀ sílẹ̀, àfi bó ṣe di owó káàdì pẹ̀lú owó páwà sọ́pláì tuntun, àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà. Nínú gbogbo fídíò tí mo wò, kò sẹ́ni tó lanu sọ ọ̀rọ̀ iná, fps, iye àwòrán tí káàdì ń gbé jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ni wọ́n ń kà ṣáá, eléyìí fi mélòó ju tọ̀hún lọ, ó tán.

RTX 4060 Ti ti NVIDIA àti RX 7700 XT ti AMD ni mi ò mọ èyí tí màá mú nínú wọn. 2023 ni méjèèjì jáde, owó wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra níbi tí mo ti fẹ́ rà á. 1440p ni mọ́nítọ̀ mi, àwòrán ẹ̀ mọ́ ju ti 1080p lọ. 4060 Ti tápá mi ká, mẹ́mórì 8GB ló ní, 7700 XT ní 12GB, ohun tí mo sì wò nìyẹn, torí àwọn géèmù tuntun yìí, tẹ́ ẹ bá ti gbé texture wọn (bí ara nǹkan ṣe rí nínú géèmù) sókè, 8GB á kún, géèmù á wá máa dúró, á máa lọ, bí ọkọ̀ tí epo ẹ̀ fẹ́ tán. DLSS ti NVIDIA, tó ń sọ àwòrán kékeré di ńlá kí fps lè pọ̀, mọ́ lójú ju FSR ti AMD lọ, mi ò jiyàn, ray tracing náà, tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ inú géèmù dà bíi ti gidi, NVIDIA ló mú un, àmọ́ èmi ò kì í tan ray tracing rárá. Mo mú 7700 XT. Mo bi ẹni tó tà á fún mi dáadáa pé ṣé páwà sọ́pláì 550W mi (W ni wọ́ọ̀tì, ìwọ̀n iná) á gbé e, ó ní kò sí wàhálà.

Bí mo ṣe yọ ti àtijọ́ tí mo fi tuntun sí i, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹni tó bá ti lè tú síkúrù á ṣe é.

Ibi tí wàhálà wà nìyí o. Géèmù á ṣí, mẹ́nù á dáa, mà á máa rìn káàkiri, kò sí nǹkan, àmọ́ tí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀ tí bọ́ǹbù ń dún báyìí, pàì, skríìnì ti dúdú, fáànù ti dákẹ́, kọ̀ǹpútà á sì tún ara ẹ̀ tàn. Kò ní kọ nǹkan kan sójú skríìnì tẹ́ ẹ lè kà. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní dráífà ni, ìyẹn ètò tí Windows fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀. Mo wọ Safe Mode, mo fi DDU, ètò tó ń nu dráífà, nu dráífà NVIDIA àtijọ́ kúrò pátápátá, mo fi ti AMD sí i, ó tún kú. Mo pa XMP tó ń mú kí RAM sáré sí i, ó tún kú. Mo fi Windows tuntun sí i, mo wá jókòó da gbogbo géèmù mi jáde látorí íntánẹ́ẹ̀tì padà, ìjà àkọ́kọ́ báyìí, ó kú! Inú Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, Kernel-Power 41 ni mo ń rí, gbogbo ohun tíyẹn sì ń sọ ò ju pé kọ̀ǹpútà kú láìjẹ́ pé wọ́n pa á bó ṣe yẹ. Ohun tó pa á gan-an, kò sọ. Ó sú mi débi pé mo fẹ́ dá káàdì yẹn padà.

Èmi ni mo padà rí i fúnra mi, orí mi sì wú. Mo dín fps kù sí 60, mo gbá géèmù yẹn títí oorun fi gbé mi, kò kú. Mo tú u sílẹ̀ padà, ó kú. Tí fps bá kéré, iná tí káàdì ń jẹ náà á kéré. Mo ní ahà, iná ni! Mo wá lọ ka ìwé káàdì yẹn: 245W ló ń jẹ, 700W ni AMD ní kí páwà sọ́pláì jẹ́. 4060 Ti ńkọ́? 160W, NVIDIA sì ní 550W tó o, iye tí mo ní nílé gan-an! Ojú ihò mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó ńlá tí wọ́n ń ki káàdì sí, ò lè fún káàdì ju 75W lọ, orí wáyà 8-pin kan, 150W, àpapọ̀ ẹ̀ 225W, kò tó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ihò 8-pin méjì sí i. Páwà sọ́pláì àtijọ́ mi sì rèé, wáyà ẹyọ kan tó ní orí méjì ló ní, gbogbo ẹrù wà lórí wáyà kan. 245W yẹn pàápàá, iye tó sábà máa ń jẹ tó bá ń ṣiṣẹ́ gan-an ni, ó máa ń fò sókè jùyẹn lọ fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, páwà sọ́pláì tí ò lágbára á sì pa ara ẹ̀ kó má bàa jóná.

Mo ra 750W, mo fa wáyà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí káàdì yẹn, kò kú mọ́ láti ọjọ́ náà. Texture wà lókè pátápátá, ó ń lọ geere, káàdì yẹn dáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ tí 550W bá wà nílé yín tẹ́ ò sì fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ ro owó páwà sọ́pláì mọ́ 7700 XT kẹ́ ẹ tó fi wé 4060 Ti, ẹ máa rí i pé èyí tẹ́ ẹ rò pé ó jọ ara wọn lówó, kò jọ ọ́ mọ́.

Ẹ sì jọ̀ọ́, wáyà páwà sọ́pláì àtijọ́, ẹ má fi sára tuntun, bó tiẹ̀ wọlé wẹ́kú. Bí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe to iná sójú ihò ẹ̀yìn páwà sọ́pláì tiẹ̀ yàtọ̀ síra, ó lè jó káàdì tuntun lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ tàn án.