Kíkó Kókó Kúrò Tàbí Ṣíṣọ́ Ọ: Ìbéèrè Tó Yẹ Kí Ẹ Bi Dókítà

Láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná ni jẹjẹrẹ awọ ara tí wọ́n ń pè ní mẹlanómà ti sábà máa ń yọjú, nítorí náà, àwọn kókó (lymph nodes, àwọn hóró kéékèèké tí ń bá ara gbógun ti àrùn) ibi tí itan ti pàdé ikùn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ ràn dé. Bí dókítà bá sọ fún yín pé ó ti dé ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ lè kan wíwú kókó náà, ọ̀rọ̀ ṣíṣọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ abẹ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníṣègùn kan ti ń kọ́kọ́ lo oògùn tí ń ta àwọn ọmọ-ogun ara jí. Ṣùgbọ́n bí kókó kan tàbí méjì tí wọ́n yọ lọ fún àyẹ̀wò nìkan ni wọ́n ti bá àrùn náà, tí ọwọ́ kò sì kan nǹkan kan, ẹ lè yàn láàárín kíkó àwọn kókó tó kù kúrò àti ṣíṣọ́ wọn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2017, tí àwọn aláìsàn tó lé ní 1,900 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé lẹ́yìn ọdún 3, ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn náà kò tíì pa, yálà wọ́n kó àwọn kókó tó kù tàbí wọ́n ń ṣọ́ wọn. Lóòótọ́, kíkó wọn dín pípadà àrùn sí agbègbè náà kù, ṣùgbọ́n ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wú lára nǹkan bí ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n kó kókó wọn, nígbà tí ti àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ jẹ́ ìdá 6.

Ṣíṣọ́ kì í ṣe ìjókòó kalẹ̀. Oṣù mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe skáànù (ultrasound) fún ọdún 2 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà oṣù mẹ́fà-mẹ́fà títí di ọdún karùn-ún. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú gbọ́dọ̀ ṣírò owó skáànù, owó ọkọ̀ láti ibẹ̀ gba Máìlì 12 dé ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, àti ọjọ́ iṣẹ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yóò gbé mì. (Ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ọdún 2 kì í ṣe kékeré.) Lójú tèmi, ẹni tó bá mọ̀ pé òun kò ní lè máa padà wá kò gbọdọ̀ fi ẹnu lásán gbà láti máa ṣọ́ ọ, kí ó sọ ọ́ fún dókítà kí wọ́n lè jọ tún un gbé yẹ̀ wò.

Bí ẹ bá yan ṣíṣọ́, ẹ máa fi ìka kan ibẹ̀ wò lẹ́yìn ìwẹ̀ lóṣooṣù. Egbò ẹsẹ̀ lásán náà lè mú kókó wú, síbẹ̀ ẹ má fi ṣe àfojúfò. Ibì kan náà ni kí ẹ ti máa ṣe skáànù, kí ẹ sì tọ́jú èsì ti tẹ́lẹ̀, nítorí pé wọ́n nílò rẹ̀ láti fi wé tuntun.