Ẹ Má Sọ Ìwé Ètò Yín Di Àkìtàn: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Ìwé ètò mẹ́ta ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi tí mi ò kọ kọjá oṣù kejì. Dáyárì ni ẹlòmíì ń pè é, ọ̀kan náà ni. Àkọ́kọ́ ló lẹ́wà jù: èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ le dáadáa, ó ní okùn pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń sàmì sójú ewé, mo sì ra bírò aláwọ̀ mẹ́rin tì í. Ojú ewé ọ̀sẹ̀ kìíní kún débi pé etí bébà ni mò ń kọ̀wé sí. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ keje, "pe dókítà eyín" nìkan ló wà níbẹ̀. Mi ò sì pè é.

Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe mí, lẹ́yìn náà mo ní irú ìwé yẹn ni ò bá mi lára mu, ni mo bá tún ra òmíràn. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé àṣìṣe kan náà ni mò ń gbé láti inú ìwé kan bọ́ sínú èkejì: mò ń da gbogbo ohun tó bá wá sí mi lọ́kàn sójú ewé láì wo àyè tó wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tó kù, ọmọ èyí ni wọ́n.

Kíkọ iṣẹ́ ká tó ka wákàtí

Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ yọ wákàtí mẹ́jọ fún oorun lálaalẹ́, ó ku 112. Ẹ yọ 40 fún iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, ó ku 72. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ti ìrìn àlọ àti àbọ̀, ti oúnjẹ, ti aṣọ fífọ̀, ti ọmọ, àti ti ẹni tó ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré lòun fẹ́ fi bá yín sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo ṣe ìṣirò tèmi, wákàtí 14 ló ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́. Iṣẹ́ tó sì wà lójú ewé mi lọ́sẹ̀ yẹn á gbà tó 30. Kò sí ìtara tó lè kó 30 wọnú 14.

A ò tiẹ̀ tún mọ bí iṣẹ́ ṣe ń gùn tó. Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti kọ nípa rẹ̀ láti ọdún 1979: bí èèyàn bá ń díwọ̀n iṣẹ́ ara rẹ̀, ó máa ń ṣe é bí ẹni pé nǹkan kan ò ní dí òun lọ́wọ́. Ní 1994, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá míì, Roger Buehler, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ìparí ẹ̀kọ́ wọn pé ọjọ́ mélòó ló máa gbà wọ́n. Ní ìpíndọ́gba, wọ́n ní nǹkan bí ọjọ́ 34. Bí gbogbo nǹkan bá wá dojú rú ńkọ́? Wọ́n ní nǹkan bí 49. Ọjọ́ tó gbà wọ́n gan-an lé ní 55. Ìbẹ̀rù wọn pàápàá ò tó!

Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń kọ ìṣẹ́jú tí mo rò sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà, màá sì fi ìdajì rẹ̀ lé e: 40 á di 60, wákàtí méjì á di mẹ́ta. Ohun tó ti ní àkókò tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí ìpàdé tàbí ọjọ́ ìsanwó, òun ni mò ń kọ́kọ́ kọ sójú ewé ọ̀sẹ̀, bírò ni mo sì fi ń kọ ọ́. Àfojúsùn mi, pẹ́ńsùlù ni, nínú àyè tó bá kù.

Kíkọ orúkọ iṣẹ́ láì kọ ohun tí ọwọ́ máa ṣe

Ọ̀sẹ̀ kan wà tí mo kọ "ìròyìn iṣẹ́" sí ọjọ́ Ajé. Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo fi ọfà kékeré gbé e lọ sí Ìṣẹ́gun. Ọjọ́rú, ọfà. Ọjọ́bọ̀, ọfà. Ó gúnlẹ̀ sí Ẹtì, ọjọ́ tó ti fi orúkọ ara rẹ̀ kìlọ̀ fún wa. Mo wá jókòó ti ọ̀rọ̀ méjì yẹn, mo rí i pé wọn ò sọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ṣé kí n ṣí kọ̀ǹpútà ni? Ṣé kí n pe ẹnì kan ni? Mo pa á rẹ́, mo kọ "kó iye owó tá a ná lóṣù mẹ́ta sójú kan, ìṣẹ́jú 45" rọ́pò rẹ̀. Mo ti ṣe é tán kí n tó jẹun ọ̀sán.

Ojú ewé ọ̀sẹ̀ ló ni orúkọ iṣẹ́ ńlá. Ohun téèyàn lè bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ló yẹ kó wà lójú ewé ọjọ́. Lójú tèmi, àfojúsùn mẹ́ta tó fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ àti wákàtí tó máa bọ́ sí. Ẹlòmíì kì í wo ojú ewé ọ̀sẹ̀ rárá, iṣẹ́ wẹ́wẹ́ ojoojúmọ́ ló ń kọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á máa fa ìlà sára nǹkan látàárọ̀ dalẹ́, tó bá di Àbámẹ́ta á wá rí i pé ohun tó ká òun lára gan-an ò tíì kúrò lójú kan.

Ọfà tí kò lópin

Ọfà yẹn ò burú fúnra rẹ̀. Ohun tó burú ni fòní-dónìí, fọ̀la-dọ́la tá a fi ń fà á láì bi iṣẹ́ náà léèrè ohunkóhun. Bí mo bá fẹ́ tún nǹkan kan kọ nígbà kẹta, mo máa ń dúró. Ṣé ó tóbi jù ni? Màá gé e kéré. Ṣé ẹlòmíì ló yẹ kó ṣe é? Màá fún un. Ṣé mi ò tiẹ̀ fẹ́ ṣe é mọ́? Màá fa ìlà sí i, ọkàn mi á balẹ̀. Ibí gan-an ni bébà ti dáa ju fóònù lọ: fóònù lè gbé iṣẹ́ sí ọ̀la fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ má mọ̀, ṣùgbọ́n títún nǹkan kan náà kọ lẹ́ẹ̀mẹrin máa ń dun ọwọ́.

Àwọn kéékèèké

Ẹ má ṣe ìwé lóge ju bí ẹ ṣe ń lò ó lọ. Bí ẹ bá fo ọjọ́ mẹ́rin, ẹ má padà sẹ́yìn lọ kún un, ibi tẹ́ ẹ wà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ojú ewé òfìfo bá sì ń dá yín lẹ́bi, ẹ ra èyí tí kò ní déètì nínú.

Ẹ má dúró dàárọ̀ kẹ́ ẹ tó kọ ètò ọjọ́ náà, torí ìpè àti iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì á ti gba ọjọ́ lọ́wọ́ yín. Alẹ́ dáa jù. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Baylor ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2018, àwọn tó fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ ohun tí wọ́n ṣì fẹ́ ṣe kí wọ́n tó sùn tètè sùn ju àwọn tó kọ ohun tí wọ́n ti ṣe lọ, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Èèyàn 57 péré ni wọ́n lò, ṣùgbọ́n ó bá ohun tí mo rí lára mi mu.

Ó wá ku dókítà eyín. Mo padà pè é, torí mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti "aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 15" sí Ọjọ́rú kan. Wọ́n dá ọjọ́ fún mi, mo fi bírò kọ ọ́ sílẹ̀ gàdàgbà. Ọjọ́ pé, ìwé wà nínú báàgì, báàgì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èmi wà nídìí iṣẹ́ mi títí aago fi kọjá. Bébà kì í dún. Ohunkóhun tó bá ti ní aago, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kẹ́ ẹ sì fi álááàmù rẹ̀ sórí fóònù.